Pẹ̀lẹ́ Tó Ṣáájú àti Pẹ̀lẹ́ Tó Kẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì, tí a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí i pé iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ sí ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà ni pẹ̀lẹ́. Bí ọmọdé bá fi ẹsẹ̀ kọ, a ó wí fún un pé, "Pẹ̀lẹ́ o." Bí ìyá kan bá ń gbé ìkòkò gbígbóná kúrò lórí iná, a ó wí fún un pé, "Ẹ rọra, ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Pẹ̀lẹ́ àkọ́kọ́ dé lẹ́yìn tí ìpalára ti ṣẹlẹ̀, ìtùnú ni. Pẹ̀lẹ́ kejì ṣáájú ìpalára, iṣẹ́ ni. Èyí àkọ́kọ́ rọrùn, nítorí pé ẹnu nìkan ni ó gbà. Èkejì ṣòro, nítorí pé ojú, ọwọ́ àti ọkàn gbọ́dọ̀ pawọ́ pọ̀ ṣe é nígbà tí ohunkóhun kò tíì ṣẹlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì ké.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni èyí: nígbà tí a bá ń yin ènìyàn pé ó níwà pẹ̀lẹ́, kí ni à ń yìn gan-an? Ṣé inú rere tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni, àbí ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ lè ṣe ọmọlàkejì rẹ̀ léṣe kìkì nítorí pé kò mọ bí a ti ń rọra? A ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àwa fúnra wa sì ni ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti rí ìdáhùn náà lè ya àwọn òǹkàwé wa lẹ́nu: inú ọkọ̀ asáré kékeré kan ni, lórí ọ̀nà òkè kan ní ilẹ̀ Faransé.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní, kí ni ó kan olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú ọkọ̀ asáré, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ilé ẹ̀kọ́? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí orúkọ tí èdè wa fún ọkọ̀ kékeré. Kò pè é ní asáré, kò pè é ní aláriwo. Ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó pè é, ohun tó ń yọ́ lọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé kì í ṣe eré ni ìyanu ọkọ̀, bí kò ṣe bí ó ti ń lọ láìmi ẹni tó gbé. Orúkọ náà sì jẹ́ gbèsè lọ́rùn gbogbo awakọ̀.

Ní ìgbà ìsinmi kan, a lọ kí ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, tó ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì láti ọjọ́ pípẹ́ ní ìlú Valence, létí odò Rhône. Ó ní ọkọ̀ Mazda MX-5 àtijọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1989: oníjókòó méjì, kò tó 1,000 kílò, jíà márùn-ún tí a ń fi ọwọ́ yí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe títí ó fi dà bí tuntun. Nígbà tí ó gbọ́ pé a mọ ọkọ̀ wà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí á bọ́ sí ìdí ọkọ̀ kí òun wo ohun tí a mọ̀. A sọdá odò náà, a gba ọ̀nà òkè Ardèche, níbi tí ọ̀nà ti ń lọ́ láàárín igbó bí ejò tí a fi igi kàn. Kí a tó rìn jìnnà, ó ti hàn sí wa pé gbígbé ọkọ̀ kiri ni a mọ̀, a kò tíì mọ ọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí. Pẹ́dà mẹ́ta ni ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Ti òsì ni ohun tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní kílọ́ọ̀ṣì, tí àwa tí a fi Faransé kọ́ ọkọ̀ wíwà ń pè ní embrayage. Òun ní í ya ẹ́ńjìnnì nípá kúrò lọ́dọ̀ táyà, òun náà ní í sì í so wọ́n pọ̀. Ti àárín ni ìjánu. Ti ọ̀tún ni pẹ́dà epo, èyí tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì yí kíákíá. Ọ̀pá jíà, èyí tí à ń pè ní levier de vitesse, wà ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún.

Jíà kékeré ń fún ọkọ̀ ní agbára, jíà ńlá ń fún un ní eré. Bí awakọ̀ bá ń sún mọ́ kọ́nà, tàbí bí ó bá ń ti orí òkè bọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti jíà ńlá bọ́ sí kékeré, kí ẹ́ńjìnnì lè bá a di ọkọ̀ mú, kí ìjánu má baà gbóná jù, kí agbára sì wà nílẹ̀ dè é nígbà tí ó bá fẹ́ jáde kúrò ní kọ́nà. Faransé ń pè é ní rétrogradage. Àwa yóò pè é ní sísọ jíà kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Nínú Mazda yẹn, bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan nínú jíà kẹrin, tí a sì bọ́ sí jíà kẹta láìjẹ́ pé eré ọkọ̀ dín, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa yí ní nǹkan bí ìgbà 4,000. Kì í ṣe awakọ̀ ni ó yan iye yìí. Iye eyín irin inú àpótí jíà ni ó pinnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tí ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ẹ́ńjìnnì tó ti dá dúró yóò máa rọlẹ̀: 3,000 yóò di 2,500, yóò di 2,000. Bí ó bá wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì lójijì, àwọn méjì tí ìrìn wọn kò dọ́gba yóò pàdé. Ẹ́ńjìnnì ń lọ ní 2,000, táyà ń béèrè 4,000. Nígbà náà táyà yóò fa ẹ́ńjìnnì sókè tipátipá. Ọkọ̀ yóò ta gìrì, ọrùn èrò yóò fì síwájú, irin yóò kérora. Bí òjò bá sì ti rọ̀, táyà ẹ̀yìn lè yọ̀ lórí ọ̀nà, kí ìdí ọkọ̀ sì fẹ́ gba iwájú lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí awakọ̀ fún ẹ́ńjìnnì ní epo díẹ̀ kí ó tó so ó pọ̀ mọ́ táyà, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ti gòkè dé 4,000, kí àwọn méjèèjì lè pàdé bí ẹni méjì tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún tí yóò tẹ epo ni ó ti wà lórí ìjánu. Nítorí náà, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ yóò dúró lórí ìjánu láìlé láìdín, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tàbí gìgísẹ̀ yóò sì yí kan pẹ́dà epo fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Faransé ń pè é ní talon-pointe. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ọ̀gá ti ń ṣe é lè wo fídíò Ayrton Senna, ọmọ Bùràsílì tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1988, 1990 àti 1991, nínú Honda NSX ní pápá ìje Suzuka ní Jàpáànù. Kámẹ́rà kọjú sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà lásán ni ó wọ̀, ẹsẹ̀ náà sì ń jó lórí pẹ́dà bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń hun aṣọ òfì.

Ẹ̀gbọ́n jókòó ní ẹ̀gbẹ́ wa, ó ní, "Àbúrò, èmi yóò di ojú. Nígbàkígbà tí o bá sọ jíà kalẹ̀ tí mo sì mọ̀, màá gbé ìka kan sókè." Kí a tó dé orí òkè, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti tán, ó ti padà sórí ti àkọ́kọ́.

Ojú tì wá, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n. A ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí gìrì náà má baà hàn. Lóòótọ́, ọkọ̀ kò ta mọ́, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n la ojú, ó fa imú, ó ní, "Ṣé o ń gbọ́ òórùn? Kílọ́ọ̀ṣì ló ń jó yẹn. Ìyẹn kì í ṣe pẹ̀lẹ́. Ìyà tí ò bá fi jẹ mí lẹ́ẹ̀kan, o pín in sí ọ̀nà gígùn, o sì gbé e fún ẹlòmíràn jẹ."

Lẹ́yìn èyí ni ó béèrè ìbéèrè tí a kò retí lẹ́nu mẹkáníìkì. Ó ní, "Nínú ẹ́ńjìnnì àti táyà, nígbà tí o bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, èwo ni ó lómìnira?" A dákẹ́. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn: "Táyà gbé ọkọ̀, ó gbé èmi, ó gbé ìwọ, ilẹ̀ sì dì í mú. Ẹ́ńjìnnì tí o ti yà sọ́tọ̀ kò gbé nǹkan kan. Epo díẹ̀ péré ni yóò gbé e sókè. Ẹni tí kò gbé ẹrù ni kí ó lọ pàdé ẹni tó gbé ẹrù."

A lo ọjọ́ mẹ́fà lórí ọ̀nà náà. A kọ́ pé ohun gbogbo gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé kọ́nà, nítorí pé ẹni tó bá dúró di inú kọ́nà kò ní àyè àtirọra mọ́. Ibẹ̀ ni òye òwe àwọn àgbà tó yé wa, pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. A kọ́ pé ìjánu kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ní ọjọ́ kẹfà, a sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè títí dé etí odò, ìka kankan kò sì gbéra. A yíjú sí ẹ̀gbọ́n kí ó lè yìn wá. Ó ti sùn lọ.

Orí ọ̀nà òkè yẹn gan-an ni a ti rántí ọmọkùnrin kan.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ní ìlú kan ní agbègbè Plateau, a ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kíláàsì sixième tó ń ti abà wá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí licence ní yunifásítì ni, Faransé ń ṣàn lẹ́nu wa, a sì ń sáré nínú ìwé kíkà bí ẹni tó ń bá ọ̀nà kọ́lẹ́ ńlá lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a rí i pé ọmọ náà kò bá wa lọ mọ́. Ojú rẹ̀ wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò ṣí ojú ewé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí i. Àánú rẹ̀ ṣe wá. A dá iṣẹ́ dúró, a wí ní ojú gbogbo kíláàsì pé, "Ó dára, a ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹnì kan wà láàárín wa tí kò tíì mọ ìwé kà." A pè é jáde síwájú pátákó. A kọ ba, be, bi, a ní kí ó kà á. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó kà á, láìṣi ọ̀kan, ó sì padà lọ jókòó.

Ní ọjọ́ Ajé, kò wá. Ní ọjọ́ Ajé kejì, kò wá. A wá ọ̀nà dé abà wọn. Baba rẹ̀ fi ọ̀wọ̀ gbà wá, ìyá rẹ̀ gbé omi wá fún wa. Wọ́n pe ọmọ náà, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa. A wí fún un pé, "Pẹ̀lẹ́. A kò ní in lọ́kàn láti dójú tì ọ́." Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, olùkọ́." Baba rẹ̀ náà ní, "Ẹ má dààmú ara yín, olùkọ́. Ọmọ ní iṣẹ́ bíríkìlà ni òun fẹ́ kọ́." A bẹ̀ wọ́n títí oòrùn fi wọ̀. Ọmọ náà kò padà sí ilé ẹ̀kọ́.

Fún ìgbà pípẹ́, a ń fi inú rere wa tu ara wa nínú. A ń wí pé, ṣebí nítorí rẹ̀ ni a ṣe dín eré kù? Ṣebí olùkọ́ mìíràn ì bá ti bá eré rẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn? Òtítọ́ ni. Ọ̀nà náà béèrè pé kí á sọ jíà kalẹ̀, a sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò mú ẹ́ńjìnnì lọ sókè kí á tó so ó mọ́ táyà. A kò jókòó tì í lẹ́yìn iṣẹ́ kí á mọ ohun tó mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. A kò wá àpẹẹrẹ láti inú èdè tó ń sọ nílé, tí yóò di afárá fún un bọ́ sínú Faransé. A kò tún ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì kọ ní alẹ́ kí àyè lè wà nínú rẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Gbogbo èyí ni epo díẹ̀ tó yẹ kí á tẹ̀. Nítorí pé a kò tẹ̀ ẹ́, ọmọ tó ti gbé ẹrù ọ̀nà jíjìn, ẹrù ebi, ẹrù èdè àjèjì, ni a tún gbé ẹrù àìdọ́gba wa lé lórí. Ẹni tí kò gbé ẹrù dúró sí ibi tó wà, ẹni tó gbé ẹrù ni ó fa ọ̀nà náà. Ọrùn rẹ̀ sì ni ó ta.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ sọ ni pé dídín eré kù nítorí ẹlòmíràn kì í ṣe pẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀. Ènìyàn lè dín eré kù kí ó sì fi í ṣe léṣe ju bí ì bá ti sáré lọ. A lè ràn ènìyàn lọ́wọ́ ní ọ̀nà tí ìrànlọ́wọ́ náà yóò fi di àmì sí i lára.

Ohun kejì ṣòro gbà fún ẹni tó fẹ́ràn ìrọ̀rùn. Nínú jíà kékeré, ẹ́ńjìnnì ń yí ju bí ó ti ń yí nínú jíà ńlá lọ. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ kárakára. Ẹni tó bá rò pé ìsinmi ni lílọ jẹ́jẹ́ kò tíì kọ́ ọmọ tó ń rẹ̀yìn ní ìwé rí, kò tíì di arúgbó lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn rí. Kíkọ́ ọmọ tó já fáfá kò gbà ju kí á sọ̀rọ̀ lọ. Kíkọ́ ọmọ tí kò tètè mọ̀wé gbà kí á ronú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí á tó sọ gbólóhùn kan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń pe àìṣiṣẹ́ wa ní sùúrù: a dín eré kù, a kò sì fi nǹkan kan kún un.

Àwa tí à ń sọ èdè méjì ń rí èyí lójoojúmọ́. Ẹ wo ilé kan ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi Faransé sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, tí ìyá àgbà sì jókòó láàárín wọn. Lójijì ẹnì kan yóò ní, "Ẹ sọ Yorùbá, màmá kò gbọ́." Inú rere ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ti yí sí ìyá náà, ó ti di ìdènà tó wà lójú ọ̀nà. Ọmọ mìíràn yóò kàn yí sí i, yóò ní, "Màmá, irú ọ̀rọ̀ yìí, báwo ni ẹ̀yin ti ń ṣe é nígbà tiyín?" Ọ̀rọ̀ bọ́ sínú Yorùbá láti ibẹ̀, ìyá àgbà sì di olórí àwùjọ, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí jíà yí. Àwọn ọmọ méjèèjì fẹ́ràn ìyá wọn bákan náà. Ọ̀kan mọ iṣẹ́ náà, èkejì kò tíì mọ̀ ọ́n.

A lè rí ẹni tí yóò takò wá báyìí pé: bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni pẹ̀lẹ́, ǹjẹ́ olè náà kò níwà pẹ̀lẹ́? Òun náà ń yọ́ kẹ́lẹ́. Ǹjẹ́ gbájúẹ̀ tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin kò níwà pẹ̀lẹ́? Àtakò yìí lágbára, a kò sì ní fò ó. Ìdáhùn wa ni pé kí á máa bi ara wa pé, nítorí ta ni a ṣe ń rọra? Olè ń rọra kí ẹrù ẹlòmíràn lè di tirẹ̀. Awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ ń rọra kí ẹrù ẹlòmíràn lè fúyẹ́. Ọwọ́ nìkan kò tó, ọkàn nìkan kò sì tó. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ilé wa, ọkàn ni a máa ń tẹnu mọ́, a sì ń gbàgbé pé ọwọ́ náà nílò ẹ̀kọ́. A ń wí fún ọmọ pé kí ó ní inú rere. A kì í fi hàn án bí a ti ń ṣe é.

Irú ìwà kan tún wà tó yẹ kí á sọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń kọ́ bí a ti ń ta epo nígbà tí wọ́n bá ń sọ jíà kalẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí ariwo ni. Wọ́n fẹ́ kí ará ọ̀nà yíjú wò wọ́n. Wọ́n fi irinṣẹ́ pẹ̀lẹ́ ṣe fáàrí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ṣe ìtọ́jú aláìní níwájú kámẹ́rà. Ẹ̀gbọ́n wa fi oorun rẹ̀ kọ́ wa ní òdìkejì: oríyìn tó ga jù lọ fún iṣẹ́ yìí ni pé kí ẹni tí a ṣe é fún má mọ̀ pé a ṣe ohunkóhun. Ó dùn wá díẹ̀ ní ọjọ́ náà pé kò sí ẹni tó rí wa. Lẹ́yìn náà a mọ̀ pé ìyẹn gan-an ni owó iṣẹ́ náà.

Àtakò ìkẹyìn ti inú ayé òde òní wá. Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn? Òótọ́ ni. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù àtijọ́ gbọ́dọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì kí eyín jíà tó gbà fún wọn. Ní ọdún 1928, Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé àpótí jíà jáde tó ń bá awakọ̀ mú ìyára eyín jíà dọ́gba. Ní ọdún 1989, Ferrari fi ọkọ̀ tí a ń fi ìka yí jíà rẹ̀ lẹ́yìn ìdarí gba ìje ní Bùràsílì, Nigel Mansell ni ó wà á. Nígbà tí ó sì di 2009, Nissan 370Z ti ní kọ̀ǹpútà tó ń ta epo fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá sọ jíà kalẹ̀. Nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, èrò yóò sùn bí ó ti wù kí awakọ̀ rí. A kò kórìíra ẹ̀rọ náà. Bí ọrùn èrò kò bá ta, ohun rere ni, ẹnikẹ́ni tó wù kó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò sí nínú yàrá ìkàwé. Kò sí nídìí oúnjẹ pẹ̀lú ìyá àgbà. Kò sí níbi tí ọkọ ti ń ti ibi iṣẹ́ wọlé bá ìyàwó àti ọmọ pẹ̀lú ìbínú ọ̀sán lójú rẹ̀. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ẹsẹ̀ tiwa ni ó wà lórí pẹ́dà.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: ìwà pẹ̀lẹ́ ni inú rere tó ti kọ́ iṣẹ́. Ìgbà tirẹ̀ ni ṣáájú ìpàdé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ojúṣe rẹ̀ sì wà lọ́rùn ẹni tó lómìnira jù, ẹni tí kò gbé ẹrù: olùkọ́ ṣáájú akẹ́kọ̀ọ́, òbí ṣáájú ọmọ, ẹni tó wà nípò ṣáájú ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ gòkè lọ pàdé, kí a tó so ìrìn wọn pọ̀. Pẹ̀lẹ́ tó kẹ́yìn dára, a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti rí i lójú ara wa pé kò lè ṣe iṣẹ́ èyí tó ṣáájú.

Lónìí, kí a tó wọ kíláàsì, a máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. A ó bi ara wa pé, nínú àwọn tó wà nínú yàrá yìí, ta ni ó gbé ẹrù wá ní àárọ̀ yìí, kí sì ni a ti ṣe ní alẹ́ àná nítorí rẹ̀? Ní ọjọ́ mìíràn, ìdáhùn wa kì í tẹ́ wa lọ́rùn. Nígbà náà a máa ń rántí abà kan ní agbègbè Plateau, omi tí ìyá kan gbé wá fún wa nínú igbá, àti ọmọkùnrin kan tó dọ̀bálẹ̀ kí wa, tó ní kò sí nǹkan kan.